Bí A Ṣe Ń Yan Kámẹ́rà àti Lẹ́ńsì Tí Kò Wọ́n fún Yíya Fọ́tò Owó Onírin

Rúlà ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ máa ya fọ́tò àníní, kọ́bọ̀ oníhò, tọ́rọ́ àti sísì ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá, kì í ṣe kámẹ́rà. Bí owó náà bá ṣe fẹ̀ tó ni yóò sọ irú lẹ́ńsì tó yẹ ẹ́, lẹ́ńsì ni yóò sì sọ irú kámẹ́rà tí ẹ óò wá kiri. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Ìlọrin, ní Ọ̀fà àti ní Òmù-Àrán ló ṣì ní irú owó bẹ́ẹ̀ nínú àpótí àwọn àgbà, àwọn tó sì fẹ́ tọ́jú àwòrán rẹ̀ máa ń rò pé àfi kí àwọn ra kámẹ́rà olówó gọbọi kí lẹ́tà ara rẹ̀ tó lè hàn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Kọ́bọ̀ oníhò fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 30, àníní sì fẹ̀ tó nǹkan bíi 20. Nínú àwọn kámẹ́rà DSLR kéékèèké (irú tí a lè bọ́ lẹ́ńsì rẹ̀ pààrọ̀) tó wọ́pọ̀ nídìí àwọn onítòkunbọ̀, irú bíi Canon 1100D tàbí Nikon D3100, sẹ́ńsọ̀ tí àwòrán ń bọ́ lé ga tó nǹkan bíi mìlímítà 15. Nítorí náà, kí kọ́bọ̀ tó kún fọ́tò láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí àwòrán rẹ̀ lórí sẹ́ńsọ̀ tó ìdajì bí kọ́bọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe fẹ̀ ti tó. Ti àníní ni yóò tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Lẹ́ńsì macro gidi, èyí tí wọ́n ṣe fún yíya ohun kéékèèké láti tòsí, lè gbé nǹkan sórí sẹ́ńsọ̀ ní ìwọ̀n tí nǹkan náà fúnra rẹ̀ tóbi tó, ṣùgbọ́n agbára yẹn ju ohun tí odidi owó ń béèrè lọ, ẹni tó bá fẹ́ ka lẹ́tà H tàbí KN tíńtínní tó ń fi hàn pé Birmingham ni wọ́n ti rọ owó náà ló máa jàǹfààní rẹ̀ jù.

Lẹ́ńsì 18-55 tó máa ń bá irú kámẹ́rà wọ̀nyí wá lè gbé nǹkan dé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, èyí tó túmọ̀ sí pé kọ́bọ̀ yóò gba bí ìdá méjì nínú mẹ́ta gíga fọ́tò. Ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú ìyẹn wò kí ẹ tó tún ná kọ́bọ̀ kan. Bí kò bá tó yín, ohun tí mo máa ń gba ènìyàn nímọ̀ràn láti rà ni extension tube, ìyẹn àwọn òrùka tí inú wọn ṣófo, tí a ń fi sí àárín kámẹ́rà àti lẹ́ńsì. Kò sí gíláàsì kankan nínú rẹ̀, nítorí náà kò ní ohun tó lè ba àwòrán jẹ́. Ìṣirò rẹ̀ kò le: ẹ fi gígùn fókọ́ọ̀sì lẹ́ńsì (iye mìlímítà tí wọ́n kọ sára rẹ̀) pín gígùn òrùka, kí ẹ lè mọ iye tó máa fi kún ìwọ̀n tí lẹ́ńsì ń gbé nǹkan. Lórí lẹ́ńsì mìlímítà 50, òrùka 25 yóò fún yín ní ìdajì. Mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń tà pọ̀, 12, 20 àti 36. Bí ẹ bá yí lẹ́ńsì 50 náà díẹ̀díẹ̀ síhà ibi tó ti ń rí ohun tó súnmọ́, títí owó yóò fi kún fọ́tò, 20 tó fún kọ́bọ̀, 36 sì tó fún àníní.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan níbí. Òrùka tó pọ́ọ́kú jù kì í ní àwọn ojú irin kéékèèké tí kámẹ́rà fi ń bá lẹ́ńsì sọ̀rọ̀, bí lẹ́ńsì yín kò bá sì ní òrùka tí a fi ọwọ́ yí láti dín ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ inú rẹ̀ kù, gbangba ni ihò náà yóò wà lórí Canon, ibi tíńtín lára owó nìkan ni yóò sì mọ́ kedere. Ẹ san owó díẹ̀ lé e fún èyí tó ní ojú irin, tàbí kí ẹ wá lẹ́ńsì àtijọ́ tí a ń fi ọwọ́ yí. Àwọn fọtógíráfà tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ní Ìlọrin lè ṣì ní lẹ́ńsì ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sọ fọ́tò di ńlá nínú yàrá òkùnkùn. Nǹkan pẹlẹbẹ ni wọ́n ṣe é fún, bẹ́ẹ̀ owó onírin pẹlẹbẹ ni. Èyí tó jẹ́ mìlímítà 75 yóò béèrè adápútọ̀ (ohun tí a fi ń so ó mọ́ kámẹ́rà) àti òrùka púpọ̀ sí i, ṣùgbọ́n yóò fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 22 jìnnà sí kọ́bọ̀, nígbà tí ti 50 kò ní ju bíi 15 lọ, àyè yẹn ni iná sì ń gbà wọlé.

Gíláàsì tí wọ́n ń de mọ́ iwájú lẹ́ńsì, pàápàá èyí tí wọ́n kọ +10 sí, àti èyí tí wọ́n ń há mọ́ fóònù, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Etí owó máa ń rú, àwọ̀ elésè àlùkò sì máa ń yí i ká.

Ẹsẹ̀ mẹ́ta olówó pọ́ọ́kú máa ń mì bí ẹ bá dojú kámẹ́rà kọlẹ̀. Káfíńtà àdúgbò lè kan pákó nínípọn kan àti igi tó dúró ṣánṣán sórí rẹ̀, pẹ̀lú apá tí a lè gbé sókè sódò. Bóòtù ìdá kan nínú mẹ́rin ínǹṣì ló ń wọ ìdí kámẹ́rà, kó má sì gùn jù, kó má baà dá ihò inú rẹ̀ lu. Láti mọ̀ bóyá kámẹ́rà dojú kọ owó gan-an, ẹ gbé dígí kékeré sí àyè owó, kí ẹ wo inú kámẹ́rà: bí àwòrán ihò lẹ́ńsì bá wà ní àárín gbùngbùn, ó ti tọ́. Ẹ fi ihò lẹ́ńsì sí f/8, ISO (bí sẹ́ńsọ̀ ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí) sí 100, kí ẹ sì jẹ́ kí kámẹ́rà dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì kó tó yà.

Iná ló yẹ kí ẹ fi ọkàn sí jù, èmi ò sì rò pé lẹ́ńsì ńlá kankan lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ ra àtùpà LED méjì tó jẹ́ irú kan náà, kí àwọ̀ wọn má baà yàtọ̀, kí ẹ gbé wọn sí apá òkè owó lọ́tùn-ún àti lósì, kí ẹ sì fi bébà funfun bò wọ́n lójú. Bí iná bá wà nísàlẹ̀ jù, gbogbo ibi tí ara owó ti ha yóò hàn ketekete. Bí ẹ bá gbé e sókè, àwọ̀ rẹ̀ yóò jáde. Fún owó tó ń dán, ẹ fi gíláàsì férémù fọ́tò dábùú láàárín lẹ́ńsì àti owó ní ìdagun dígíríì 45, kí ẹ tan iná láti ẹ̀gbẹ́: gíláàsì yóò ju ìmọ́lẹ̀ sórí owó láti òkè, kámẹ́rà yóò sì máa wo owó gba inú rẹ̀. Ẹ má ṣe fọ owó náà tàbí kí ẹ fi nǹkan dán an, ó ń dín iyì rẹ̀ kù.

Kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ló kẹ́yìn. Megapíksẹ́lì 12 ti tó. Bí ẹ bá ń yan tòkunbọ̀, ẹ tan iná tọ́ọ̀ṣì gba inú lẹ́ńsì, kí ẹ wò ó bóyá ẹ̀bu tó dà bí òwú aláǹtakùn wà níbẹ̀. Ẹ mú káàdì ìrántí tiyín àti owó onírin kan dání, kí ẹ yà á lójú ẹni tó ń tà á, kí ẹ sì fi kọ̀ǹpútà wo fọ́tò náà kí ẹ tó sanwó.