Redis, Valkey àti ìwé àṣẹ tó yí padà: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè, láti Àjàṣẹ́: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Àwa mélòó kan la jọ kọ ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn aláṣọ ọjà Ouando fi ń ṣírò ọjà wọn, Redis, ètò tó ń fi dátà pamọ́, la sì fi ń tọ́jú ọjà tí oníbàárà ti yàn ṣùgbọ́n tí kò tíì san owó rẹ̀. Lẹ́yìn tí a gbé e dé ẹ̀dà 7.4 ni a gbọ́ pé Redis ti kúrò ní open source, ìyẹn kóòdù tí ẹnikẹ́ni lè lò, kó sì tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣé wọ́n lè bi wá ní owó?

Ìdáhùn: Rárá, àbúrò, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé inú ètò tiyín lẹ ti ń lò ó. Oṣù kẹta ọdún 2024 ni ilé iṣẹ́ Redis kéde pé láti ẹ̀dà 7.4 lọ, àwọn kò ní lo ìwé àṣẹ BSD mọ́, èyí tó fún gbogbo ayé láyè. Wọ́n fi ìwé àṣẹ méjì, RSALv2 àti SSPL, rọ́pò rẹ̀, kí olùlò mú èyí tó bá fẹ́. Ohun tí RSALv2 dìídì kọ̀ ni kí èèyàn máa ta Redis fúnra rẹ̀ fún ẹlòmíràn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí pé àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó ń háyà sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn) fún ayé ni ó ń bá wí. Aláṣọ tó sanwó fún yín kò ra Redis, ìṣirò ọjà ló rà. Ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ló sì ń gbé ìwé àṣẹ tirẹ̀ dání: 7.2 tí ẹ ti gbà lábẹ́ BSD wà lábẹ́ BSD títí. Ẹ ṣí fáìlì LICENSE tó wà nínú kóòdù náà, kí ẹ kà á kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́. Ó dùn mí, ká sòótọ́, pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ti fi kóòdù ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ kò ní ohùn kankan nínú ìpinnu yìí.

Ìbéèrè: Kí ọkàn wa lè balẹ̀, a gbé Valkey 8.0, ètò tó jọ Redis tó sì wà lábẹ́ BSD, síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ̀, kò dìde. Ohun tí a rí nínú lọ́ọ̀gì, àkọsílẹ̀ ohun tí ètò ń ṣe, ni: «Can't handle RDB format version 12», ìyẹn ni pé kò lè ka ọ̀nà ìkọ̀wé dátà 12.

Ìdáhùn: Ìlà yẹn gan-an ló sọ ibi tí àrùn wà. Lára Redis 7.2.4 ni wọ́n ti yọ Valkey lábẹ́ àjọ Linux Foundation, nínú oṣù kẹta ọdún 2024 kan náà, nítorí náà ọ̀nà ìkọ̀wé 11 ló mọ̀ ọ́n kà, bẹ́ẹ̀ 12 ni Redis 7.4 fi ń kọ dátà sílẹ̀. Ẹ má pa dump.rdb, fáìlì tí Redis kọ dátà yín sí, rẹ́ rárá. Ẹ kọ́kọ́ dà á kọ síbòmíràn. Bí ẹ bá ní èyí tí ẹ fi pamọ́ nígbà 7.2, Valkey yóò ṣí i, àmọ́ ohun tó wọlé lẹ́yìn rẹ̀ kò ní sí níbẹ̀. Bí ẹ kò bá ní in, ẹ dá ètò náà dúró lálẹ́ tí ọjà bá ti tú, kí Redis wà lórí port (ẹnu ọ̀nà ìsopọ̀) 6379, kí Valkey wà lórí 6380, kí ẹ sì kọ kóòdù kékeré kan tí yóò fi àṣẹ SCAN ka orúkọ dátà kọ̀ọ̀kan, tí yóò fi GET tàbí HGETALL tàbí èyí tó bá irú dátà náà mu yọ ohun tó wà nínú rẹ̀, tí yóò sì fi PTTL mọ iye àkókò tó kù fún un, kí ó tó kọ ọ́ sínú Valkey. DUMP àti RESTORE, àṣẹ tí wọ́n fi ń yọ dátà tí wọ́n sì fi ń dá a padà, kò ní gbà yín, nítorí pé nọ́ńbà 12 yẹn ń tẹ̀ lé dátà náà lọ.

Ìbéèrè, láti Kétu: Àwa fẹ́ máa háyà Redis fúnra rẹ̀ fún àwọn ilé ìwé tí kò ní sáfà, kí a máa gba owó oṣooṣù. Ṣé ó lè ṣe é ṣe?

Ìdáhùn: Tiyín ni RSALv2 ń dí lọ́nà. SSPL ní tirẹ̀ yóò ní kí ẹ tú gbogbo kóòdù tí ẹ fi ń darí iṣẹ́ náà síta. Láti Redis 8, tó jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, ẹ lè mú ìwé àṣẹ kẹta, AGPLv3: ẹ lè ta iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún kóòdù Redis ṣe, ẹ gbọ́dọ̀ fi àtúnṣe náà han àwọn tó ń lò ó. Valkey tó wà lábẹ́ BSD kò béèrè èyí, òun ni èmi yóò mú. Orúkọ Valkey ni kí ẹ sì fi polówó, nítorí pé ilé iṣẹ́ Redis ló ni orúkọ Redis.