Bí Mo Ṣe Kọ Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Ìbẹ̀wò sí Ṣọ́ọ̀ṣì St Mary ní Islington

Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ lọ wo ibi tí Àjàyí Crowther ti kàwé ní ọdún 1826, èmi ni wọ́n ní kí n kọ ìwé pélébé tí wọn yóò mú dání. Láti Freetown ni wọ́n ti mú Crowther wá sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ St Mary, ní àsìkò tí Daniel Wilson, ẹni tí ó di bíṣọ́ọ̀bù Calcutta lẹ́yìn náà, ń ṣe alábòójútó ìjọ náà. Ohun tí mo fẹ́ kí ìwé náà dáhùn ni pé, nínú ilé ṣọ́ọ̀ṣì tí Crowther fojú rí, kí ni ó ṣì dúró?

Òdìkejì Upper Street ni mo ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí mo ti lè rí ilé náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ilé gogoro aago àti ṣóńṣó orí rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ Launcelot Dowbiggin, tí wọ́n parí ní 1754. Nígbà tí wọ́n ń tún ṣóńṣó náà ṣe ní 1787, ahun-agbọ̀n kan tí ń jẹ́ Thomas Birch hun igi tẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká bí agbọ̀n, ó ṣe àtẹ̀gùn sí i, àwọn ará ìlú sì ń san sísì kọ̀ọ̀kan láti gùn ún. Ìtàn yìí gba àyè púpọ̀ nínú ìwé mi, n kò sì gé e kù.

Ìloro olọ́wọ̀n iwájú kò sí láyé Crowther. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni wọ́n fi kún un. Bọ́ǹbù Jámánì ni ó wó ibi tí ìjọ ń jókòó ní oṣù Kẹsàn-án 1940. Àwọn ayàwòrán ilé Seely àti Paget, tí wọ́n tún un kọ́ tán ní 1956, kò díbọ́n pé ilé àtijọ́ ni tiwọn, èyí tí mo gbà pé ó tọ́.

Mo yọ àwòrán inú ilé àtijọ́ kúrò, kí ẹnikẹ́ni má baà máa wá ohun tí kò sí mọ́. Dípò rẹ̀, mo fi àwọ̀ mẹ́ta kun àwòrán iwájú ilé náà gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí apá kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni mo kọ ọ́ pé Crowther padà sí Islington ní 1842, sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS, kí wọ́n tó fi í joyè àlùfáà ní 1843, mo sì fi ọ̀nà tí a ó gbà rìn láti ibùdó ọkọ̀ ojú irin Angel parí rẹ̀.