Bí mo ṣe fi fídíò kọ́ Màmá láti dìde lórí àga

Àrùn Alzheimer ló ń ṣe Màmá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí, òun ló sì wọ́pọ̀ jù nínú àwọn àrùn tó ń mú kí iyè rà. Ọ̀nà jìn, la bá ní ká máa ṣe ìdánrawò náà lórí ìpè fídíò. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń fẹ́: kí wọ́n dá dìde lórí àga láìsí pé ọmọ wọn ń fà wọ́n lápá.

Èmi àti ọmọ wọn obìnrin ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo gba àdírẹ́sì ilé àti nọ́ńbà aládùúgbò, torí bí Màmá bá ṣubú, ọwọ́ mi ò lè tinú fóònù yọ gbé wọn. Àga tí kò ní táyà ni a lò, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Àárọ̀ la sì mú. Tó bá ti dìrọ̀lẹ́, ara Màmá kì í balẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ dàrú. Màmá ò wò mí rárá, igun fóònù ni wọ́n tẹjú mọ́. "Ìyá wo nìyẹn?" Àwòrán ara wọn ni! Kí ọmọ wọn tó rí i pa mọ́, Màmá ti kí obìnrin yẹn tán, inú sì ti ń bí wọn pé kò dá àwọn lóhùn.

Ìkejì dára díẹ̀. Mo bi wọ́n pé, "Màmá, kí lẹ ó kọ́kọ́ ṣe kí ẹ tó dìde?" Èmi náà ni mo dáhùn lójú ẹsẹ̀: "Ẹ ó fọwọ́ ti apá àga." Wọ́n sọ ọ́, wọ́n sì ṣe é. Mo dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 15, mo tún bi wọ́n. Lẹ́yìn náà, 30, wá di ìṣẹ́jú 1, 2, 4: mò ń fa àlàfo náà gùn díẹ̀díẹ̀ kí ìdáhùn lè dúró lọ́kàn wọn. Láàárín ìbéèrè kan sí òmíràn, ọ̀rọ̀ aṣọ rírán, iṣẹ́ wọn àtijọ́, la ń sọ. Bí wọ́n bá ṣì í, n kì í ní kí wọ́n rò ó wò, torí èyí tí wọ́n bá fi méfò ló máa ń mọ́ wọn lára. Màá sọ ìdáhùn, màá sì padà sí iye ìṣẹ́jú tí wọ́n ti gbà á kẹ́yìn.

Ká sòótọ́, ọmọ wọn ló ṣòroó kọ́. Ohùn máa ń pẹ́ kó tó débẹ̀, Màmá náà sì ń fẹ́ àkókò, nítorí náà mo máa ń ka 10 nínú kí n tó tún ọ̀rọ̀ sọ. Tèmi bá fi máa dé 3, ó ti di apá wọn mú. Mo ní kó káwọ́ sẹ́yìn, kó ṣáà dúró tì wọ́n.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì já bí mo ṣe béèrè tán. Nígbà tó padà, àga òfìfo ni mo rí. Àyà mi já. Ni mo bá gbóhùn Màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Sọ fún un kó ní sùúrù, mò ń ti fèrèsé."

Ọmọ wọn yọjú sí kámẹ́rà, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn. "Mi ò fọwọ́ kàn wọ́n o."