Ajá, Koríko Iwájú Ilé àti Ẹ̀fọ́ Ẹ̀yìnkùlé: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Onílé ní Òṣogbo

Tí òjò bá ti dá ní oṣù kọkànlá, ìgbà náà ni àwọn onílé ní Òṣogbo máa ń fẹjọ́ ajá wọn sùn wá jù. Wọ́n á ní ó ti jó koríko àwọn. Ẹ ó rí ojú ibì kan róbótó tó pupa rúsúrúsú bí ẹni pé wọ́n da omi gbígbóná sí i, etí rẹ̀ á sì tutù yọ̀yọ̀ ju gbogbo ibi yòókù lọ. Ìtọ̀ ni. Àmọ́ kí ẹ tó gbé pàṣán, ẹ wo etí tó tutù yẹn dáadáa. Ajílẹ̀ ló rí jẹ. Naitirójìn tó wà nínú yúríà tí à ń rà lọ́jà fún àgbàdo, òun náà ló wà nínú ìtọ̀ ajá. Ní àárín, ó pọ̀ jù, iyọ̀ sì wà pẹ̀lú rẹ̀, ó jó koríko pa. Ní etí, níbi tó ti fọ́n ká, ó di oúnjẹ. Ní oṣù kẹfà, ajá kan náà ń tọ̀ síbẹ̀, ẹ kò rí nǹkan kan, torí òjò ti là á. Omi ló yàtọ̀, ajá kò yí padà.

Omi ni ẹ ó fi tọ́jú rẹ̀

Bí ajá bá tọ̀ sójú yín, ẹ da omi lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó kéré tán ìlọ́po mẹ́ta ìtọ̀ náà. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Mo mọ̀ pé omi kànga máa ń fà ní oṣù kejì, tí ẹlòmíì kò tíì rí omi fọṣọ. Omi tí ẹ fi ṣan ìrẹsì tàbí ẹ̀fọ́, tí kò ní ọṣẹ nínú, ti tó.

Abo ajá àti ọmọ ajá ló máa ń lóṣòó, tí wọ́n á da gbogbo ìtọ̀ sójú kan. Akọ ajá tó ti dàgbà a máa gbẹ́sẹ̀ sókè sára ògiri tàbí ìdí òdòdó, nítorí náà òdòdó ló ń jìyà tirẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí omi gbẹ nínú abọ́ wọn, torí ìtọ̀ ajá tó ń mumi yó kì í ki. Àwọn kan á ní kí ẹ bu eérú tàbí iyọ̀ sí oúnjẹ ajá kí ìtọ̀ rẹ̀ lè rọ̀. Ẹ má dán an wò. Ara ajá ni yóò bàjẹ́, koríko kò sì ní jèrè kankan.

Ibi tó bá ti kú, ẹ hú koríko òkú kúrò, ẹ rin ilẹ̀ náà gbingbin lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta kí iyọ̀ lè bómi lọ sísàlẹ̀, kí ẹ wá bu ilẹ̀dú lé e. Ní oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, ẹ já lára ìtàkùn koríko tó wà nítòsí, ẹ rì í síbẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì-gíráàsì dára lábẹ́ ìbòòji, ṣùgbọ́n ọyẹ́ kì í jẹ́ kó simi. Níbi tí oòrùn pọ̀ sí, tí ajá sì ń sáré, Bahama ni kí ẹ gbìn: ó fara da ìtẹ̀mọ́lẹ̀, ó sì ń fà bo ibi tó ṣí sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ajá ní ọ̀nà tirẹ̀

Ajá mi, Tanímọ̀la, a máa lọ, a máa bọ̀ lẹ́bàá ògiri ní gbogbo òru. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbin koríko síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló tẹ̀ ẹ́ pa. Ìgbà kẹta, mo fọ́ yangí, mo tẹ́ ẹ sójú ọ̀nà rẹ̀, ìjà parí. Ẹ wo ibi tí ajá yín ń gbà kí ẹ tó gbin nǹkan.

Bí ó bá sì ń walẹ̀, ooru ló sábà fà á, tàbí àìríṣe. Ẹ da yanrìn sábẹ́ igi máńgòrò, ẹ bomi wọ́n ọn lọ́sàn-án, ẹ ri egungun mọ́ ọn níbẹ̀. Ibẹ̀ ni yóò máa wà. Àwọn kan ti bínú da símẹ́ńtì bo gbogbo ojúlé. Ooru á wá pọ̀ nínú ọgbà, àgbàrá á sì kọrí sí ilé aládùúgbò.

Ebè ẹ̀fọ́

Ilẹ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ fún ewédú tàbí tẹ̀tẹ̀ rọ̀, ó sì tutù: ibùsùn ni lójú ajá. Ẹ to ẹ̀ka ọsàn ẹlẹ́gùn-ún lé e títí yóò fi hù, tàbí kí ẹ fi ọparun gbé ebè náà sókè. Ìgbẹ́ adìyẹ tí kò tíì jẹrà àti orí ẹja tí ẹ rì mọ́ ìdí ata á pè é wá láti òdì kejì ọgbà.

Ìgbẹ́ ajá kì í ṣe ajílẹ̀

Ìgbẹ́ ewúrẹ́ àti ti adìyẹ tó ti jẹrà dáa fún ẹ̀fọ́. Ti ajá kò dáa, torí aràn. Irú aràn kan wà tí ẹyin rẹ̀ ń pa nínú ilẹ̀ tútù láàárín ọjọ́ díẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ á sì gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé, tí ara á máa yún ènìyàn ní ìlà wíwọ́. Ẹyin irú mìíràn lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọmọ kéékèèké tó ń fọwọ́ kan ilẹ̀ kan ẹnu ló sì ń kó o jù. Nítorí náà, ẹ máa kó o lójoojúmọ́, kí ó tó pẹ́ débi tí ẹyin á fi pa. Ẹ gbẹ́ kòtò jíjìn fún un, kó jìnnà sí kànga àti sí ebè. Kí àwọn ọmọ má rìn láìwọ bàtà níbi tí ajá ń ṣu sí, kí dókítà ẹran sì máa fún ajá ní oògùn aràn lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ọjọ́ tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ béèrè abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, ọdọọdún ni.

Ohun tó lè pa ajá nínú ọgbà

Olómi òjò, òdòdó aláwọ̀ ìyeyè tó pọ̀ ní ojúlé wa, májèlé ni láti gbòǹgbò dé èso. Hóró lárà àti ti bòtujẹ̀ náà burú. Èèpo kòkó tí àwọn kan ń kó láti oko wá dà sí ìdí òdòdó, ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ènìyàn ní nǹkan, ṣùgbọ́n ajá kò lè gbà á. Ẹ má fi oògùn eku sílẹ̀. Ní ti oògùn apakoríko, NAFDAC ti fòfin de paraquat láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Bí ẹnì kan bá ṣì ń tà á fún yín, ẹ má rà á.

Eégbọn ń kọ́? Ọ̀pọ̀ ń fọ́n oògùn sí gbogbo koríko, eégbọn kò sì tán. Èyí tó wọ́pọ̀ lára ajá wa kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé inú koríko; inú ihò ògiri àti àpá pákó ilé ajá ló ń fara pamọ́ sí, ibẹ̀ náà ló ń yé sí. Ẹ fi símẹ́ńtì dí àwọn ihò náà, ẹ sá ẹní tí ajá ń sùn lé sóòrùn, kí ẹ sì gé koríko kúrú yí ilé ajá ká, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan sórí oògùn.