Bàtà eré tó ń yọ̀ lẹ́rẹ̀: ohun tó tán ìṣòro náà

Eyín abẹ́ bàtà tí a fi ń sáré lójú ọ̀dà kò ga; ẹrẹ̀ òjò Bàrígà á dí i pa, ẹsẹ̀ á sì máa yọ̀. Èyí tí eyín rẹ̀ ga tó mílímítà 4 sí 5, tó jìnnà síra kí ẹrẹ̀ lè já bọ́, ló yanjú rẹ̀. Ẹ má ra èyí tí wọ́n ní omi ò lè wọ̀ o! Ọrùn bàtà lomi ń gbà wọlé, kì í sì í rọ́nà jáde. Aláwọ̀n ló dáa.

Tẹ́ ẹ bá ń rà á ní Yábàá, ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ wọ̀ ọ́ wò, nígbà tẹ́sẹ̀ ti wú. Kí àyè ìbú àtàǹpàkò ọwọ́ kan ṣẹ́ kù níwájú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èékánná á dúdú. Òkìríkà ńkọ́? Bí gọ́ọ̀mù rẹ̀ bá ti ń ṣí, ẹ fi í sílẹ̀.