Bí mo ṣe gba gángan wa sílẹ̀ lọ́wọ́ compressor

₦85,000 ni mo san kí wọ́n tó bá wa ṣe mixing orin kan ṣoṣo, ìyẹn ni pé kí wọ́n to gbogbo ohùn tí a gbà sílẹ̀ pọ̀ di orin kan. Orin ìdúpẹ́ ẹgbẹ́ akọrin wa ní Kubwa, Àbújá, ni: gángan méjì, agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, gìtá báàsì, arábìnrin kan ń lé, àwa yòókù ń gbè. Nígbà tí iṣẹ́ dé, ohun gbogbo ń pariwo bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Compressor, irinṣẹ́ tó ń tẹ ìró tó bá ga jù sílẹ̀, ni wọ́n lò ní àlòjù. Bàbá tó lu gángan tó ń ṣáájú gbọ́ ọ lórí fóònù mi, wọ́n ní, "Oríkì tí mo fi ìlù kì dà? Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀."

Mo pe ẹnjiníà tó ṣe mixing náà, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ó gbọ́dọ̀ pariwo báyìí, kí tàwọn tó kù má bàa bò ó mọ́lẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì." Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Spotify máa ń fa orin sí nǹkan bíi -14 LUFS (òṣùwọ̀n bí orin ṣe ń pariwo tó). Èyí tó bá ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á rẹ ìró rẹ̀ sílẹ̀ ni. Ariwo yẹn kò mú èrè kankan wá, ìlù ló sì pa. Ó tún fẹ́ gba owó mìíràn kó tó ṣàtúnṣe. Mo ní kó kó ohùn kọ̀ọ̀kan fún mi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, n óo ṣe é fúnra mi.

Reaper, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe orin, ni mo lò, pẹ̀lú ReaComp, compressor tó wà nínú rẹ̀. N kò ní sọ bí wọ́n ṣe ń to ohùn sípò, ẹni tó bá ti jókòó sí sítúdíò rí mọ ìyẹn. Ohùn arábìnrin tó ń lé kò yọ mí lẹ́nu. Mo kọ́kọ́ fọwọ́ gbé ìlà tó rẹlẹ̀ sókè, mo rẹ èyí tó ga sílẹ̀, kí n tó fi compressor sí i: ratio 3:1 (ohun tó bá fi 3 dB kọjá ààlà, 1 dB ni yóò fi kọjá; dB ni òṣùwọ̀n ìró), kí mítà tó ń fi iye tó dín kù hàn má fi ju 3 dB sí 4 dB lọ níbi tó ti ń kígbe. Gìtá báàsì gba 4:1, nítorí ohùn kan ń fò, òmíràn ń sọnù. Agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, n kò fi nǹkan kan kàn wọ́n. Kí ni wọ́n ṣe?

Gángan ló dá mi dúró. Fáìlì tí ẹnjiníà fi ránṣẹ́, ó ti fi compressor tẹ̀ ẹ́ kó tó gbé e jáde. Ó hàn lójú ìran ohùn náà lórí kọ̀ǹpútà: orí ìlù kọ̀ọ̀kan ti gé, gbogbo rẹ̀ tò bíi búlọ́ọ̀kù. Ohun tí wọ́n bá sì ti tẹ̀ pa báyìí, kò sí bọ́tìnnì tó lè jí i padà. Mo bèèrè èyí tí wọn kò tíì fọwọ́ kàn. Lónìí, ó ní kò sí iná; lọ́la, ó ní disk wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Nígbẹ̀yìn mo wọkọ̀ láti Kubwa, mo pààrọ̀ ọkọ̀ ní Berger, mo lọ jókòó tì í ní Lugbe títí ó fi dà á sínú flash mi. Owó ọkọ̀, àpò mi náà ló ti jáde.

Ìgbà tí mo gbọ́ èyí tó mọ́ ni mo rí ohun tó ṣe gan-an. Nínú gángan, ìró kọ̀ǹgọ́ nígbà tó kọ́kọ́ kan awọ ló ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ohùn tó ń lọ sókè sódò ń tẹ̀lé e. Attack ni bí compressor ṣe ń yára tẹ ohùn tó; 1 ms tó lò (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá) gbá ìró kọ̀ǹgọ́ yẹn mú lójú ẹsẹ̀. Release, ìyẹn bó ṣe ń yára tú ohùn sílẹ̀ tó, yá jù, ó sì gbé ìrù ohùn náà sókè, ó wá di pé ọ̀rọ̀ kan so mọ́ èkejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni makeup gain: ó dín 10 dB kù, ó sì dá 10 dB padà sórí gbogbo rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì tí a kò gbọ́ tẹ́lẹ̀ wá dàpọ̀ mọ́ orin.

Mo gbé attack sí 30 ms kí kọ̀ǹgọ́ lè kọjá, mo gbé release sí 120 ms kí mítà lè padà sí òdo kí ìlù tó tún dún, ratio 2:1, 2 dB péré. Gángan tó ń gbè nìkan ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Èyí tó ń kì oríkì, mo yọ compressor kúrò lórí rẹ̀ pátápátá. Ọwọ́ Bàbá mọ ibi tó yẹ kó le àti ibi tó yẹ kó rọ̀ ju ẹ̀rọ lọ, mo sì dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Tí ẹ bá ń tan compressor tí ẹ ń pa á láti gbọ́ ìyàtọ̀, ẹ mú ìró méjèèjì dọ́gba ná, torí etí máa ń yan èyí tó ga jù. Tí ó bá sì jẹ́ pé ẹlòmíràn lẹ fẹ́ gbé iṣẹ́ fún, ẹ má san owó tó kù àfi tí fáìlì tí wọn kò tíì fọwọ́ kàn bá ti wà lọ́wọ́ yín. Orin méjì ló kù nínú àwo tí à ń ṣe yìí, èmi ni n óo ṣe méjèèjì.