Egbò Tí Kò Tètè Jinná: Ipa Tí Ọpọlọ àti Iṣan Ń Kó

A kọ ìwé yìí fún àgbẹ̀ àti ará ilé ní Iléṣà àti àwọn abà tó yí i ká, pàápàá ẹni tí àdá bá ṣá lójúgun nígbà tó ń ro oko kòkó, tó fún ewé Akíntọ́lá sí i, tó fi àkísà wé e, ṣùgbọ́n tí ọyún ṣì ń rin àkísà náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn èèyàn a ní ẹran ara rẹ̀ kò dára ni. Ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Inú mùdùnmúdùn egungun ni ara ti ń pèsè ọmọ ogun rẹ̀, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, ojoojúmọ́ ló sì ń pèsè wọn, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í pẹ́ kú. Iṣan ìmọ̀lára, fọ́nrán tín-ín-rín tó ń jẹ́ iṣẹ́ ọpọlọ káàkiri ara, wọ inú mùdùnmúdùn yìí lọ. Bí ọpọlọ bá fura sí ewu, iṣan náà ni yóò ké sí mùdùnmúdùn pé kí ó tú ọmọ ogun síta. Àwọn ni wọ́n ń mú kí ojú ọgbẹ́ wú, kí ó sì gbóná ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́. Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe, kò yẹ kó já yín láyà.

Iṣan mìíràn wà tó gba ọrùn sọ̀kalẹ̀ dé àyà àti ikùn, tó lè pàṣẹ pé ó tó. Ní ọdún 2000, Kevin Tracey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn lára eku pé bí a bá fi iná mànàmáná díẹ̀ ta iṣan yìí jí, kẹ́míkà tó ń dá wíwú sílẹ̀ a dínkù.

Ìṣòro dé bí ewu náà kò bá kúrò nílẹ̀. Ẹ wo ẹni tí Òṣómàáló lóṣòó tì lẹ́nu ọ̀nà, tí gbèsè kò jẹ́ kó sùn: ọpọlọ rẹ̀ ń kéde ogun tọ̀sán-tòru, kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ kọ́tísọ́ọ̀lù sì ń tú jáde láti orí kíndìnrín, ó ń fa iṣẹ́ àtúnṣe ojú ọgbẹ́ sẹ́yìn. Ní ọdún 1995, ní Ohio, Janice Kiecolt-Glaser àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ọgbẹ́ kékeré kan náà sára obìnrin 13 tó ń tọ́jú ẹbí wọn tí iyè rẹ̀ ti ra, àti 13 mìíràn tí kò sí nínú irú ipò bẹ́ẹ̀. Ti àwọn olùtọ́jú fi bí ọjọ́ 9 pẹ́ ju ti àwọn yòókù lọ kó tó jinná.

Nítorí náà, ẹ fi omi mímọ́ àti ọṣẹ fọ ọgbẹ́, ẹ bò ó, ẹ lọ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, kí ẹ sì ka oorun òru mọ́ ìtọ́jú. Ẹni tí egbò rẹ̀ bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì láìsí àyípadà, kí ó lọ yẹ ìtọ̀ ṣúgà wò, nítorí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ìrònú ń fà.